Ẹ wo ẹni tó jókòó sí géètì kẹ́ ẹ tó sanwó: ilé ìwé tí ọmọ mi ń lọ n'Ífẹ̀

Ẹ̀yin oníbàárà mi tẹ́ ẹ máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré, ó ti tó ẹni mẹ́fà nínú yín tó ti bi mí pé ilé ìwé wo ni mo mú ọmọ mi lọ tí mi ò fi bú ilé ìwé mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń dí mi lọ́wọ́, torí tí mo bá ń gé aṣọ tí mo tún ń rojọ́, àfàìmọ̀ kí n má ṣì í gé. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, léèsì ẹnì kan ni, mo sì san án. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ kà á, kẹ́ni tí ò bá fẹ́ máa bá tiẹ̀ lọ.

Mi ò ní dárúkọ wọn o. Mo fẹ́ sọ èyí tó dáa lára wọn, mo sì fẹ́ sọ èyí tó kù díẹ̀ káàtó, ọmọ mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, SS2 ló wà, WAEC ṣì wà níwájú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilé ìwé aládàáni ni, apá Parakin ló wà, kì í ṣe irú àwọn ilé ìwé tórúkọ wọn ti di ìlú mọ̀ọ́ká bí Odùduwà Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti wà láti 1932. Tẹ́ ẹ bá dúró lójú títì wo bílíìdì ẹ̀, ẹ lè ní kí ọlọ́kadà máa gbé yín pa dà lọ. Ọ̀dà ògiri ti ń ṣí, pátákó orúkọ wọn ti ṣá, kò sí AC níbì kankan, wọn ò sì lẹ bánà rísọ́ọ̀tì kankan sí àdúgbò Mayfair bí àwọn ilé ìwé yòókù ṣe ń ṣe. Èmi gan-an fẹ́ẹ̀ yí pa dà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ.

Ohun tó dá mi dúró ni ọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni, aago méje ààbọ̀ ti kọjá díẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan tí kọ́là ẹ̀ ti jẹ (ojú télọ̀ nìyẹn, kọ́là ni mo máa ń kọ́kọ́ wò), ó tẹ́ rẹ́jísítà gbọọrọ kan sórí itan, báírò wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo rò pé gétìmáànì ni, bí mo ṣe kí i náà nìyẹn, mo ní "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé púrínsípà ti dé?" Ó ní wọ́n ń bọ̀, kí n jókòó. Bí mo ṣe jókòó ni ọmọbìnrin kan sáré wọlé, gbogbo ojú ẹ̀ kún fún òógùn. Ọkùnrin yìí wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó ní, "Ìṣẹ́jú méjìlá. Màmá yín ò tíì ti Ìbàdàn dé?" Ọmọ náà ní "Rárá sà, èmi ni mo wẹ̀ fún àwọn àbúrò mi." Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní kó máa lọ. Ọmọkùnrin kan tún dé, ó ní, "Ìwọ, ìṣẹ́jú méjì. Ó ń dínkù, o káre." Kò sí pàṣán lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe látekọ́mà nílùú yìí: ẹgba méjì, kúnlẹ̀, lọ gé koríko ẹ̀yìn kíláàsì, píríọ́dù àkọ́kọ́ á ti lọ kọ́mọ tó wọlé, wọ́n á wá ní kò mọ Mathematics.

Ìgbà tí púrínsípà dé tó mú mi wọlé ni mo tó gbọ́ pé VP Admin ni bàbá yẹn, igbákejì púrínsípà tó ń rí sí ètò ilé ìwé. Ojú tì mí. Bàbá náà ní kò sí nǹkan kan, pé àwọn òbí míì tiẹ̀ máa ń fún òun ní ọgọ́rùn-ún náírà pé kóun fi ra omi mu. Mo ní ṣé ẹ máa ń gbà á sà, ó ní "Tóòrùn bá mú." Bàbá Géètì làwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn, ó mọ̀.

Kó lè yé yín ìdí tí ọ̀rọ̀ géètì yẹn fi wọ̀ mí lára, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi ti rí lórí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin. Ìyẹn wà lára àwọn ọmọ tó kàwé nígbà tí Ọ̀ṣun pín ilé ìwé sí ẹlẹ́mẹ́ńtìrì ọdún mẹ́rin, míìdù ọdún márùn-ún, háì skúùlù ọdún mẹ́ta, tí gbogbo ilé ìwé ìjọba ń wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà, kí wọ́n tó dá a pa dà sí ti tẹ́lẹ̀ ní 2020 (àwa télọ̀ ò lè gbàgbé, tí ìjọba bá yí yunifọ́ọ̀mù pa dà àwa la máa ń kọ́kọ́ gbọ́). Nígbà tó fẹ́ wọ SS1 ni mo mú un lọ sí ilé ìwé aládàáni kan, mo rò pé mo gbọ́n. Púrínsípà ibẹ̀ ò pe ọmọ kankan wọlé bi í léèrè nǹkan kan. Wọ́n to rísọ́ọ̀tì JSS3 láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fa ìlà sí i: àwọn tó wà lókè, Science, àwọn tó wà láàárín, Commercial, àwọn tó kù nílẹ̀, Art. Ó tán. Bí ẹni tó gé aṣọ fún ogójì èèyàn láìfi téèpù kan ẹnikẹ́ni lára. Tèmi bọ́ sí Art, kò sì dùn mí, torí láti kékeré ló ti ń sọ pé lọ́yà lòun fẹ́ ṣe, ẹnu ẹ̀ sì mú lóòótọ́. Nígbà tó dé SS2, tíṣà Lítíréṣọ̀ wọn ríṣẹ́ sí Èkó, ó lọ, wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo kíláàsì pa Lítíréṣọ̀ tì, kí wọ́n mú CRS àti Yorùbá, inú àwọn ọmọ dùn, ta ló fẹ́ máa ka ìwé eré oníṣe. Nígbà tí wọ́n ń forúkọ wọn sílẹ̀ fún WAEC, wọ́n tẹ sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án sórí fọ́ọ̀mù, wọ́n fi rán ọmọ sí mi, mo fọwọ́ sí i. Aṣọ ẹbí ni mò ń rán lọ́jọ́ yẹn, orí máṣíìnì ni mo ti sáìnì ẹ̀.

Ìgbà tó lọ gba fọ́ọ̀mù JAMB ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn tẹ kọ̀ǹpútà, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, òun ló bi í pé "Law lo fẹ́, Lítíréṣọ̀ ẹ dà?" Ẹ gbọ́ o. Púrínsípà kan, VP méjì, àwọn tíṣà lóríṣiríṣi, ọmọ ti sọ fún gbogbo wọn láti SS1 pé lọ́yà lòun fẹ́ ṣe, ẹni tó wá sọ fún un pé OAU ò ní gbà á sí Law láìsí Lítíréṣọ̀ ni ọmọ kàfé. WAEC ti gba orúkọ tán. Mo lọ bá púrínsípà náà, ó wò mí bí ẹni pé mo wá tọrọ owó, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù." Òótọ́ sì ni. Mi ò rí nǹkan sọ, mo dìde, mo ní ẹ ṣeun sà, mo gbọ̀nà ilé. Ọmọ náà lo ọdún kan gbáko nílé, ó ń lọ sí lẹ́sìnnì ní Mayfair, ó tún gbogbo ìdánwò ẹ̀ ṣe ní GCE kó tó wọlé. Ó ti wà ní OAU báyìí, Law náà ló ń kà, àmọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ti ṣíwájú ẹ̀ bá wá kí i nílé, èmi ni mo máa ń rí nǹkan wá ṣe ní yàrá.

Oníbàárà mi kan ní OAU, tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di kánsẹ́lọ̀, àwọn tó máa ń gba ọmọ ilé ìwé nímọ̀ràn, ló là mí lójú, ìgbà tí mò ń wọ̀n ọ́n fún bùbá ni mo ń rojọ́ fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ kí wọ́n máa tọ́ ọmọ sọ́nà iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun rárá, pé Ìbàdàn níbí ló ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, ní St Theresa's College, Òkè-Àdó, ní 1959, àwọn sístà Kátólíìkì ibẹ̀ ló ṣètò ẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde, wọ́n pe àwọn oníṣẹ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tó wà lóde. Nígbà tó di 1977, ó wọ inú ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè. Mo ní "Mà, ilé ìwé wo ló wà?" Ó rẹ́rìn-ín títí téèpù fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kánsẹ́lọ̀ kì í dá a ṣe, tí púrínsípà àti àwọn VP ò bá fún un láyè, tí wọn ò fún un ní wákàtí lórí táìmù-tébù, orúkọ lásán ló jẹ́. Ó ní tí mo bá ń wá ilé ìwé fún àbúrò ẹ̀, kí n má béèrè bóyá wọ́n ní kánsẹ́lọ̀, torí wọ́n á ní àwọn ní, kí n béèrè pé ta ló ń pín ọmọ sí Science àti Commercial, kí ló sì máa ń wò kó tó pín wọn. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé dé Parakin.

Púrínsípà ò tiẹ̀ dáhùn ẹ̀, ó kàn mú mi lọ bá VP Academics, obìnrin ni, ó wọ jíákẹ́ẹ̀tì tó ti tóbi jù fún un. Mo mú rísọ́ọ̀tì JSS3 jáde nínú báàgì, ó ní, "Ẹ gbé ìyẹn sílẹ̀ ná, Mọ́mì. Ẹ lọ kó àwọn nóòtù ẹ̀ wá." Nóòtù kẹ̀? Ó ní gbogbo nóòtù tó lò ní JSS3, èyí tó ya pàápàá. Lọ́jọ́ kejì tèmi tọmọ gbé nóòtù mẹ́tàlá wá nínú Ghana-must-go, àwọn tó rí wa lójú ọ̀nà á rò pé a ti lé e kúrò nílé.

Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Nóòtù Basic Science parí lójú ewé kẹsàn-án, gbogbo ìyókù jẹ́ àwòrán jẹ́sì bọ́ọ̀lù àti orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Nóòtù Business Studies ní tiẹ̀, ó fi rúlà fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo àkọlé, gbogbo iṣẹ́ ilé ló ṣe, èyí tí tíṣà ò máàkì pàápàá ó ti ṣe é. Obìnrin yìí tì í sọ́dọ̀ mi láìsọ nǹkan kan. Ó wá kọjú sí ọmọ, kì í ṣe èmi o, ó bi í pé kí ló máa ń ṣe nílé tẹ́nikẹ́ni ò rán an. Ọmọ ní òun lòun ń kọ ìwé gbèsè Mọ́mì òun. Òótọ́ ni, òun ló mọ gbogbo ẹni tó jẹ mí lówó àti ọjọ́ tí wọ́n dá, kọ́bọ̀ kan ò lè sọnù lọ́wọ́ ẹ̀.

Àmọ́ ẹnjiníà lèmi fẹ́, mo ti ń fojú inú rí fìlà yẹ́lò yẹn lórí ẹ̀. Mo ní mà, Science ni. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kíláàsì Science ni á máa jókòó sí, tó bá di píríọ́dù Accounting á kọjá síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òun fúnra ẹ̀ á wá bá wa sọ." Ó wá fi pépà kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri hàn mí. Orúkọ kọ́ọ̀sì wà lápá òsì, sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń béèrè ní WAEC wà láàárín, ti JAMB wà lápá ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì, Physics wà níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé Biology nìkan ló gbà. Accounting, Mathematics àti Economics. Mo ń ka ìlà yẹn bọ̀ títí mo fi kan Law, mo rí Lítíréṣọ̀ níwájú ẹ̀, dúdú kirikiri. Mo dúró níbẹ̀ díẹ̀. Pépà fọ́tòkọ́pì ₦50 ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó mú Commercial. Mo gbà fún un. Ìlérí ni ìlérí.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí. Ní Fẹ́búárì, ọwọ́ alẹ́ ni, fóònù mi dún, Bàbá Géètì ló ń pè. "Màmá Dèjì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kékeré kan ni. Lálẹ́ Túsìdéè àti Wẹ́sìdéè, níbo ni Dèjì máa ń wà?" Àyà mi já. Mo ní ó máa ń lọ kàwé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ní sólà nílé, torí ẹ mọ bíná àdúgbò wa ṣe rí. Ó ní "Ẹ ṣeun mà", ó wá dákẹ́. Mo ní "Sà, ṣé obìnrin ni?" Ó ní "Rárá mà, bọ́ọ̀lù ni."

Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ ẹ̀ sùn o. Rẹ́jísítà géètì yẹn náà ni. Láti ìgbà tí táàmù ti bẹ̀rẹ̀, Dèjì ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ pátá bọ́ sí Wẹ́sìdéè àti Tọ́sìdéè, kò pẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè rí, ọ̀sẹ̀ míì sì wà tí kò ní pẹ́ rárá. Bàbá náà ní òun wò ó títí kò yé òun, àfi lálẹ́ ọjọ́ kan tóun ń wo Champions League nílé tó sọ sóun lọ́kàn: Túsìdéè àti Wẹ́sìdéè ni wọ́n máa ń gbá a, aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwa níbí nígbà ọyẹ́, wọn ò lè parí kí aago mọ́kànlá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí bọ́ọ̀lù, Dèjì á tètè dé. Ó ní Arsenal lòun ní tòun, òun náà ń wò ó, òun kàn máa ń jí ni.

Mo ti mú bẹ́líìtì jáde kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Bí ẹni pé ó rí mi, ó ní, "Mà, ẹ má fọwọ́ kàn án lálẹ́ òní. Tẹ́ ẹ bá nà án, irọ́ míì ló máa lọ kọ́. Ẹ wá lọ́la, ẹ má sọ fún un." Ẹ ò mọ bí ó ṣe le tó láti gbé oúnjẹ fún ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ nà lálẹ́ yẹn kẹ́ ẹ sì dákẹ́.

Ọ́fíìsì Bàbá Géètì ò ju yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí lọ: tábìlì kan, àga ọlọ́rà méjì, fáànù tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tò sórí kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni ń ta ọsàn. Dèjì wọlé, ó rí mi, ojú ẹ̀ yí pa dà. Bàbá yìí ò pariwo, kò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ohun tó ń kọ. Ó ní, "Èló lo ti fi ta bẹ́ẹ̀tì?" Mo yíjú sí i. Bẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Bọ́ọ̀lù lẹ sọ fún mi sà! Kò dá mi lóhùn. Dèjì ní òun ò ta bẹ́ẹ̀tì, sà. Ó ní, "Mi ò bi ẹ́ bóyá o ta á. Èló?" Gbogbo wa dákẹ́, fáànù nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ọmọ ní "Ó ti tó ₦7,000, sà." Èló lo rí jẹ níbẹ̀? "₦1,800, sà." ₦7,000 látinú owó ta ni? Owó oúnjẹ ọ̀sán tí mò ń fún un ni, àti ₦200, ₦200 tó ń yọ nínú owó síípù àti òwú tí mò ń rán an. Ọmọ tí kọ́bọ̀ kan ò lè sọnù lọ́wọ́ ẹ̀!

Ohun tí mo rò ni pé wọ́n á sọ ọ́ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ohun tí wọ́n máa ń ṣe níbi tó wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ọmọ tí wọ́n bá sọ sílé, ibo ló fẹ́ lọ bí ò ṣe ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì náà. Bàbá Géètì fún un ní nóòtù olójú ewé ogójì. Ó ní kó fa ìlà sí i bó ṣe ń ṣe ti Accounting, kó kọ gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tó ti ta tó bá rántí, owó tó wọlé lápá kan, èyí tó jáde lápá kejì, gbogbo Fúráìdéè ní bíréèkì kó gbé e wá. Ìkejì, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ títí táàmù á fi parí, òun ni á máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì géètì ní gbogbo Wẹ́sìdéè àti Tọ́sìdéè láti aago méje, òun ni á máa kọ orúkọ látekọ́mà. Ọjọ́ méjì tó máa ń pẹ́ gan-an ló fún un. Ó tún mú alága PTA dání, wọ́n lọ bá oníṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ́n rán an létí pé òfin ò gbà kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18 ta á. Ìyẹn ní òun ti gbọ́. Mi ò rò pé ó gbọ́ rárá, torí mo ṣì ń rí àwọn ọmọ níwájú ẹ̀, wọ́n kàn ti bọ́ yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Ọ̀sẹ̀ kẹta, a ń jẹun, Dèjì kàn sọ pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ kan wà ní JSS2 tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìlódè lójoojúmọ́? Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló fi ń pẹ́." Ó ní òun ò kọ orúkọ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ṣé Bàbá Géètì mọ̀, ó ní òun sọ fún un, ó ní kóun kọ ọ́, pé tóun ò bá kọ ọ́, kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ọmọ náà ń fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ti bá òbí kan tó ń gba ọ̀nà Ìlódè wá lárààárọ̀ sọ̀rọ̀ nítorí ọmọ yẹn.

Kò tíì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ o, ẹ má jẹ́ n purọ́. Inú fóònù mi ló ti ń wò ó báyìí, dátà mi ló ń jẹ. Ní ti bẹ́ẹ̀tì, nóòtù yẹn ti lo oṣù méjì láìsí nǹkan tuntun níbẹ̀, bóyá ó ti jáwọ́, bóyá ó ti gbọ́n sí i, mò ń ka owó síípù mi.

Ó yá, èyí tí ò dáa. Kánsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ó tún ń kọ́ JSS ní CRS àti Civic, èyí tó wá burú jù ni pé yàrá tí máṣíìnì fọ́tòkọ́pì wà ni wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì ẹ̀. Mo jókòó níbẹ̀ nígbà kan, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tíṣà mẹ́rin ló wọlé wá ṣe fọ́tòkọ́pì, ọ̀kan tiẹ̀ dúró fetí sí wa. Ọmọbìnrin wo ló máa jókòó síbẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é? Wọ́n máa ń gba àwọn ọmọ OAU tó wá ṣe teaching practice kí wọ́n bá a dí i, àwọn yẹn dáa, ara wọn yá mọ́ ọmọ, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń lò, ọmọ á ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ fún àǹtí, àǹtí á palẹ̀ mọ́. Mo ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n gbé máṣíìnì yẹn kúrò, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Torí ìyẹn nìkan mo yọ odindi ìràwọ̀ kan.

Ilé ìyàgbẹ́ wọn, ẹ má bi mí. Bọ́ọ̀sì wọn máa ń bàjẹ́. Owó ilé ìwé ₦75,000 ní táàmù kan, lẹ́sìnnì lọ́tọ̀, PTA lọ́tọ̀, ₦5,000 fún bọ́ọ̀hóòlù tí mi ò tíì rí ẹ̀kán omi ẹ̀. Púrínsípà náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù, tó bá gba máìkì ní àsẹ́ńbílì, oòrùn á ti dé àtàrí kó tó gbé e sílẹ̀, wọ́n sì ní kí JSS3 máa wọ gáànù gíráǹdúéṣọ̀n, ọmọ tó ṣì ku ọdún mẹ́ta! (Èmi ni mo rán gáànù náà. Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe é mọ́.)

Ṣùgbọ́n mi ò lè fi gáànù pa ohun tí mo rí ní ìpàdé PTA mọ́ra. Bàbá kan dìde, agbádá funfun, ó ní gbogbo òbí SS3 ti sọ ọ́ láàárín ara wọn, kí ilé ìwé sọ iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kí WAEC lè rọrùn fáwọn ọmọ, ẹ ṣá mọ ohun tó ń sọ, pé gbogbo ilé ìwé ló ń ṣe é, kí wọ́n má fi tiwọn fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo ń wo púrínsípà, ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ wákàtí kan lórí ìbọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ó ní WAEC lè fagi lé rísọ́ọ̀tì, wọ́n sì lè ní kí ilé ìwé má fi ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò wọn mọ́. Ó ní ọmọ tóun ti ń kọ́ láti JSS1 pé kó má jí báírò, òun ò lè dé SS3 kóun wá máa bá a gbowó olè. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kọjá sọ́dọ̀ VP Admin, ìwé tó fi máa mú ọmọ ẹ̀ lọ wà nílẹ̀, òun á sáìnì ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ọmọ méjì ló lọ. Rísọ́ọ̀tì wọn lọ́dún yẹn ò pé, ẹlòmíì tún Mathematics ṣe, ìdí tí kò fi sí bánà ní Mayfair nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi bánà yan ilé ìwé.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tí wọ́n bá gbé máṣíìnì fọ́tòkọ́pì kúrò, màá dá ẹyọ kan yẹn pa dà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibẹ̀, kó yà sí ṣọ́ọ̀bù, màá júwe ẹ̀. Ẹ má pè wọ́n ṣáájú, ẹ kàn lọ láàárọ̀ Wẹ́sìdéè kan tí wọ́n gbá Champions League lálẹ́ àná ẹ̀, kẹ́ ẹ dé ibẹ̀ ní aago méje ààbọ̀, kẹ́ ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ lè mú ọgọ́rùn-ún náírà dání fún omi. Tí wọ́n bá bi yín pé ta ló júwe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, owó bọ́ọ̀hóòlù yẹn ṣì wà lọ́rùn mi.